Igi Pọ̀ Nínú Ọgbà, Orúkọ Ni Kò Sí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè wa. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fún mi ní àyè díẹ̀ nínú ojú ewé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún àwa òǹkàwé, kí n lè sọ ohun tí ojú mi rí ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí èmi nìkan dá lọ sí ọgbà igi àti ewéko tí ó wà láàárín ọ̀kan nínú àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá, èyí tí àwọn ará ìlú náà ń pè ní Bọ̀tánííkà. N kò ní dárúkọ ọgbà náà. Àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lónìí kọ́ ni wọ́n bà á jẹ́, mo sì ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ fẹ̀yìn tì pé bí ó ti rí níbẹ̀ náà ni ó rí níbòmíràn. Ọ̀ràn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé jáde: àwọn igi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àlejò tí ó bá wọlé kò lè mọ orúkọ tí ẹyọ kan nínú wọn ń jẹ́.

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní bàọ́lọ́jì kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tí ó ń gbé ní London pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀, ni ó fa ìrìn àjò yìí. Olùkọ́ wọn kó wọn lọ sí Kew, ọgbà igi àti ewéko ńlá kan ní London níbẹ̀, ọmọ náà sì fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Òun ni ó dúró tí ó ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pẹ kan tí wọ́n ń tọ́jú nínú ilé onígíláàsì ńlá, nítorí pé òtútù ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí ó yè bí wọ́n bá gbìn ín síta. Ọ̀pẹ tiwa ni, ọ̀pẹ tí a ń kọ ẹyìn lórí rẹ̀. Wọ́n fi pátákó kékeré kan sí ìdí rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i ní èdè àwọn onímọ̀, Elaeis guineensis, wọ́n sì kọ ọ́ pé Áfíríkà ni ó ti wá. Ọmọ náà bi mí pé, "Màmá àgbà, kí ni ẹ ń pè é ní Yorùbá?" Mo dá a lóhùn pé ọ̀pẹ ni. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n lọ ya àwòrán àwọn igi mìíràn tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ wa, kí òun lè fi han olùkọ́ òun, ṣùgbọ́n kí n rí i dájú pé pátákó orúkọ igi kọ̀ọ̀kan hàn nínú àwòrán náà, gẹ́gẹ́ bí ti Kew ṣe hàn. Mo ṣèlérí fún un láìronú lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní ìdí tí mo fi ṣèlérí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1974, nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ọ̀gá wa kó wa lọ sí ọgbà yìí kan náà. Mo rántí pé igi kọ̀ọ̀kan ní páànù pẹlẹbẹ lára, èyí tí wọ́n kùn ní dúdú tí wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kọ nǹkan sí: orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é lókè, orúkọ Yorùbá nísàlẹ̀ rẹ̀, ìdílé igi náà, àti ilẹ̀ tí ó ti wá. A ń sáré láti ìdí igi kan dé ìdí èkejì, a ń dà wọ́n kọ sínú ìwé wa, ẹni tí ó bá sì kọ́kọ́ kọ 40 pé ni ọ̀gá wa yóò ra búrẹ́dì àti àkàrà fún. N kò jẹ búrẹ́dì náà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n inú ọgbà yẹn ni mo ti pinnu pé ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni n ó fi ṣe iṣẹ́ ayé mi.

Mo dé ẹnu géètì ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì yọjú wo ẹ̀yìn mi bóyá àwọn kan ṣì ń bọ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin nìkan ni, mà? Àbí ibi tí ẹ ti fẹ́ ṣe ìnáwó lẹ fẹ́ yẹ̀ wò?" Mo ní rárá o, igi ni mo wá wò. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn, bí kò ṣe ti ẹni tí a sọ ohun tí kò gbọ́ rí fún. Ó gba ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́wọ́ mi fún ìwọlé, ó sì là á yé mi pé bí mo bá gbé kámẹ́rà dání, owó tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, ṣùgbọ́n pé wọn kì í gba owó fóònù. Mo bi í bóyá wọ́n ní ìwé kan tí ó ń tọ́ àlejò sọ́nà, tí yóò sọ igi tí ó wà ní apá ọ̀tún àti èyí tí ó wà ní apá òsì. Ìwé tí ó nà sí mi jẹ́ ti iye tí wọ́n ń gbà lórí gbọ̀ngàn, kánópì àti àga. N kò bá a wí, nítorí pé ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n kó fún un nìyẹn.

Láti ẹnu géètì títí dé àárín ọgbà, ìńtálọ́ọ̀kì ni wọ́n tò bo ilẹ̀ níbi tí koríko àti òdòdó wà láyé ìgbà wa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà méjèèjì ni wọ́n gbin igi máskùrédì sí, wọ́n tò wọ́n gbọọrọ bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Íńdíà ni igi yẹn ti wá, kò sì sí ohun tí ó burú nínú kí igi ti òkèèrè wá. Dóńgóyárò pàápàá, Íńdíà ni ó ti wá, ó sì ti di ọmọ onílé lọ́dọ̀ wa. Ohun tí ó dùn mí ni pé máskùrédì yìí ni a ń rí níwájú gbogbo ilé epo àti gbogbo ilé ìtura ní ìlú, tí ẹnì kan kò sì ní láti san ẹgbẹ̀rún kan náírà kí ó tó rí i. Ní abẹ́ àràbà ńlá kan, wọ́n to àga oníke jọ bí òkè, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè mẹ́rin kalẹ̀ fún ayẹyẹ ọjọ́ ìbí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní ọ̀sán. Ìdí àràbà náà, tí ó ya sọ́tùn-ún sósì bí ògiri, tí géńdé mẹ́ta lè fara pamọ́ sí láàárín rẹ̀, ni wọ́n kan ìṣó mọ́ láti fi so okùn kánópì. Mo ka ìṣó mọ́kànlá. N kò lòdì sí ayẹyẹ. Ọgbà tí kò bá rí owó kò lè san owó oṣù òṣìṣẹ́, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àràbà yẹn ni olówó ọgbà náà, òun ni àwọn ènìyàn ń tìtorí ibòòji rẹ̀ wá, kò sì sí ẹni tí ó kọ ọ́ sí ibì kankan pé àràbà ni orúkọ rẹ̀.

Mo kúrò lójú ọ̀nà, mo gba ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sí apá ibi tí àwọn igi àtijọ́ wà, tí ìńtálọ́ọ̀kì kò tíì dé. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi títí di ìsinsìnyí. Igi kan wà níbẹ̀ tí ewé rẹ̀ ṣú bo orí rẹ̀ dáadáa. Ní ìwọ̀n ibi tí ojú mi dé lára rẹ̀, mo rí etí páànù kan tí ó yọ síta láàárín èèpo igi bí ahọ́n tí ó yọ lẹ́nu. Páànù orúkọ ni, ọ̀kan nínú àwọn ti 1974. Wọ́n ti fi ìṣó kàn án mọ́ igi náà nígbà tí igi náà ṣì tín-ín-rín, kò sì sí ẹni tí ó padà wá tú u nígbà tí igi náà ń sanra. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni èèpo ń yọ́ láti apá méjèèjì bò ó mọ́lẹ̀, títí igi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé orúkọ ara rẹ̀ mì tán. Mo fi àtàǹpàkò nu ìpẹtà ojú rẹ̀, mo sún mọ́ ọn, mo sì rí lẹ́tà mẹ́rin péré tí ó ṣẹ́ kù: P, I, D, A. Mo wo òkè, mo wo ewé, mo bẹ̀rẹ̀ mo wá ìdí igi náà, mo sì ṣa kóró kan tí ó dúdú tí ó ń dán bí ẹyin ojú. Ìṣin ni. Blighia sapida ni ó wà lára páànù náà kí igi tó gbé e mì.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìṣin yìí, nítorí pé gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ wà lára rẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni igi yìí ti wá. Ní ayé òwò ẹrú ni ó bá ọkọ̀ ojú omi dé Jàmáíkà, ilẹ̀ ibẹ̀ sì gbà á débi pé òun ni èso àpapọ̀ orílẹ̀-èdè náà lónìí. Ackee ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń sè é pọ̀ mọ́ ẹja oníyọ̀. Ní ọdún 1793, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ń jẹ́ William Bligh, gbé e láti Jàmáíkà lọ sí ọgbà Kew kan náà tí ọmọ ọmọ mi ti ya àwòrán, ìdí sì nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi sọ igi náà ní orúkọ Bligh. Igi tí àwọn baba ńlá wa ti ń jẹ èso rẹ̀ kí wọ́n tó bí Bligh, orúkọ Bligh ni ó ń jẹ́ nínú ìwé gbogbo ayé. N kò bínú sí ìyẹn, ètò àwọn onímọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tí ìṣin ti wá gan-an, ó yẹ kí ibì kan wà tí ọmọdé lè dúró sí kí ó ka "ìṣin" lára igi ìṣin.

Ọ̀rọ̀ náà sì ju ọ̀rọ̀ orúkọ lásán lọ. Àwọn àgbà mọ̀ pé a kì í fi ọ̀pá já ìṣin. A máa ń dúró dè é títí èèpo rẹ̀ pupa yóò fi là fúnra rẹ̀ lórí igi, tí kóró dúdú mẹ́ta yóò sì yọjú lórí ẹran rẹ̀ tí ó funfun bí wàrà. Ẹran yìí nìkan ni a ń jẹ. Èyí tí kò bá tíì là ní májèlé nínú, bẹ́ẹ̀ náà ni kóró rẹ̀. Májèlé náà a máa fa èébì, a sì máa já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ débi pé ó lè pa ọmọdé. Igi ìṣin yìí kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ń to àga ọjọ́ ìbí sí, àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n ń ṣeré kiri níbẹ̀ kò mọ èwo ni ìṣin, àwọn òbí wọn náà kò sì mọ̀ ọ́n. Páànù kékeré kan tí ó wí pé, "Ìṣin ni èyí, ẹ má ṣe já a, ẹ dúró kí ó là," ìbá ṣe é fún wọn.

Ní nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀ sí ibẹ̀, mo rí ọ̀gànwó kan tí ó ń kú lọ. Wọ́n ti fi àdá bó èèpo rẹ̀ láti ìdí títí dé ibi tí ọwọ́ géńdé lè dé, kì í ṣe ní ẹ̀gbẹ́ kan, bí kò ṣe yípo. Mo máa ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ mi ní kíláàsì pé inú èèpo ni oúnjẹ tí ewé bá sè ń gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò, nítorí náà ẹni tí ó bá bó igi yípo ti dá ọ̀nà oúnjẹ gbòǹgbò rẹ̀ dúró. Ewé lè ṣì tutù fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ebi ń pa igi náà láti ìsàlẹ̀. N kò bá oníṣègùn jà. Ìyá mi a máa se àgbo ibà, èèpo ọ̀gànwó sì máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n máa ń há díẹ̀díẹ̀, wọn yóò sì fi ọdún díẹ̀ sílẹ̀ kí ojú ọgbẹ́ náà jinná. Ọgbà irú èyí ni ó yẹ kí ó jẹ́ ibi tí àwọn lẹ́kúlẹ́jà ti ń gba irúgbìn ọ̀gànwó lọ gbìn sí ẹ̀yìnkùlé wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà ní láti wá jalè lára èyí tí ó kù.

Adágún omi tí ó wà lápá ìsàlẹ̀ ti gbẹ, ẹrẹ̀ àti ọ̀rá píọ̀wọ́tà ni ó kù nínú rẹ̀. Láyé ìgbà wa, ojú oró àti òṣíbàtà ni ó kún ojú omi náà, ibẹ̀ sì ni mo ti kọ́kọ́ rí òdòdó òṣíbàtà tí ó ṣí sílẹ̀ lówùúrọ̀. A máa ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ wa pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, wọ́n sì máa ń ṣe àmín kíkankíkan. Mélòó nínú wọn ni ó ti fojú kan ojú oró rí?

Mo ti ń múra àtilọ nígbà tí mo pàdé bàbá kan tí ó ń gbá ewé jọ lábẹ́ igi. Mo kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá." Ó dúró, ó fi ìgbálẹ̀ tì, ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ kú ìrìn." Mo bi í bóyá ó mọ orúkọ igi tí ó ń gbá abẹ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ wòkè kí ó tó dáhùn. Ó ní, "Ọ̀mọ̀ ni, Màmá. Òun ni wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù." Mo nawọ́ sí èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ó ní akòko ni, pé àwọn ìjòyè ti ń rán ọmọ wá já ewé rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jẹ oyè. Ó tọ́ka sí ìkẹta, tí èso rẹ̀ fi okùn gígùn so rọ̀ bí ọmọ odó, ó ní, "Pándòrò rèé. Ẹ má jókòó sábẹ́ rẹ̀ o, bí èyí bá já lu ènìyàn, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́." A bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Igi 23 ni ó pe orúkọ wọn fún mi láàárín wákàtí kan, láìṣi ọ̀kan: ìrókò, òrò, arère, ahùn, ìdígbó, afárá, ọ̀pẹ̀pẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́rin nínú wọn ni èmi kò mọ̀, pẹ̀lú gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni. Àwọn tí mo mọ̀, mo ń sọ orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ fún un, ó sì ń tún un pè lẹ́yìn mi jẹ́jẹ́ bí ẹni tí a fún ní ẹ̀bùn.

Mo bi í ibi tí ó ti kọ́ wọn. Ó ní ọ̀gá tí ó ń bójú tó ọgbà nígbà tí òun gba iṣẹ́ ni ó kọ́ òun, pé ọ̀gá náà a máa mú àwọn òṣìṣẹ́ rìn yíká ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé kí wọ́n lè kí igi ní orúkọ. Mo ní, "Ṣé wọ́n ti ní kí ẹ kọ àwọn orúkọ yìí sílẹ̀ rí?" Ó mi orí. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni ò bi mí rí, Màmá. Láti ìgbà tí ọ̀gá yẹn ti kú, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí." Ọdún méjì ni ó kù kí òun náà fẹ̀yìn tì.

Olóòtú, ọ̀rọ̀ bàbá yìí ni ó gbé mi dé ìdí tábìlì tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọgbà igi àti ewéko àti ibi ìgbafẹ́ lásán ni pé ní ti àkọ́kọ́, a mọ ohun tí ó wà níbẹ̀, a kọ ọ́ sílẹ̀, a sì ń sọ ọ́ fún ẹni tí ó bá wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ti Padua ní Ítálì sílẹ̀ ní ọdún 1545, ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lè dá ewé tòótọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú, nítorí pé ẹni tí ó bá ṣi ewé já yóò ṣi òògùn lò. Àwọn òyìnbó tí wọ́n dá ti Èbúté Mẹ́ta sílẹ̀ ní Èkó ní 1887, lábẹ́ Gómìnà Alfred Moloney, èrè òwò ni wọ́n ń wá, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí wọ́n dá ti Aburi sílẹ̀ ní Gánà ní 1890 àti àwọn ará Jámánì tí wọ́n dá ti Limbe sílẹ̀ ní Kamẹrúùnù ní 1892. Irúgbìn ohun tí wọ́n lè tà ni wọ́n ń wá ọ̀nà àtigbìn, irú bíi kòkó, kọfí àti rọ́bà. Síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé igi tí a kò bá mọ orúkọ rẹ̀ kò ṣeé tà, kò sì ṣeé tọ́jú. Ti Aburi àti ti Limbe ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, àwọn ènìyàn sì ń rìnrìn àjò lọ wò wọ́n.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Ẹni tí ó bá lọ ra pákó igi ilẹ̀ wa lọ́wọ́ oníṣòwò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ Yorùbá ni yóò fi rà á. Iroko ni wọ́n kọ sínú ìwé ọjà wọn, opepe ni wọ́n kọ, idigbo ni wọ́n kọ, afara àti abura ni wọ́n kọ, láìsí àmì ohùn, ṣùgbọ́n orúkọ wa ni. Oníṣòwò pákó tí kò dé ilẹ̀ wa rí mọ ìdígbó, ọmọ tí wọ́n bí sí òpópónà ẹ̀yìn ọgbà náà kò sì mọ̀ ọ́n bí ó tilẹ̀ ń kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé owó ni kò sí. Mo ti béèrè. Páànù alumíníọ̀mù tí àwọn kọ́lékọ́lé gé kù lórí òrùlé tó fún iṣẹ́ yìí, kì í sì í dípẹtà. A lè fi ìṣó àti òòlù lu lẹ́tà sí i lára kí òjò má baà fọ̀ ọ́ dànù bí ó ti máa ń fọ ọ̀dà. Kí a má sì kàn án mọ́ igi mọ́. Wáyà tí a ká bíi sípíríǹgì ni a fi ń so ó, kí ó lè máa fẹ̀ bí igi ti ń fẹ̀, kí ohun tí ó ṣe ìṣin yẹn má baà ṣe òmíràn. Owó tí wọ́n ń gbà lórí gbọ̀ngàn ní ìparí ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo yóò ṣe é, yóò sì kù. Ohun tí owó kò lè rà padà ni ohun tí ó wà lórí bàbá tí ń gbá ewé.

Àwọn mìíràn yóò ní kò sí ohun tí ó ṣeé tọ́jú mọ́ láàárín ìlú. Igbó Òṣun ní Òṣogbo wà ní etí ìlú gan-an, hẹ́kítà 75 ni, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun ìní gbogbo ayé ní 2005. Ẹ̀wọ̀ ni ó dáàbò bo àwọn igi ibẹ̀: a kì í gé igi níbẹ̀, a kì í ṣọdẹ níbẹ̀, a kì í pẹja nínú odò rẹ̀. Ní Ìbàdàn, nínú ọgbà IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, igbó kan wà tí wọ́n fi sílẹ̀ láìdáko láti ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, igi ti padà kún un bámúbámú. Ọgbà tí mo lọ kò ní ẹ̀wọ̀ tí yóò dá àdá dúró, kò sì ní páànù tí yóò sọ fún aládàá pé ọ̀gànwó ni ó fẹ́ pa.

Mo bẹ àwọn tí ọgbà bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ àkóso wọn, ní ìpínlẹ̀ èyíkéyìí, pé kí wọ́n tó tún gbọ̀ngàn mìíràn kọ́, kí wọ́n kọ orúkọ igi tí wọ́n ní sílẹ̀. Mo bẹ àwọn olùkọ́ bàọ́lọ́jì tí wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ pé kí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ, kí wọ́n mú ìwé àti bírò dání, kí wọ́n sì wá òṣìṣẹ́ tí ó pẹ́ jù lọ níbẹ̀ rí. Mo sì bẹ ẹ̀yin náà, Olóòtú, pé kí ẹ rán akọ̀ròyìn yín kan lọ sí èyí tí ó bá sún mọ́ yín, kí ó lọ ka iye igi tí orúkọ wà lára wọn, kí ẹ sì tẹ iye náà jáde.

Ní tèmi, mo ti da orúkọ igi 23 yẹn kọ, ti Yorùbá àti ti àwọn onímọ̀, mo sì ti fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ọgbà náà. Mo ń retí èsì. Àwòrán ìṣin ni mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ ọmọ mi, páànù tí igi gbé mì náà hàn nínú rẹ̀. Ó kọ̀wé padà pé, "Màmá àgbà, ta ló jẹ orúkọ rẹ̀?" N kò tíì dá a lóhùn.

Mo ti bá bàbá náà ṣe àdéhùn pé n ó padà lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ń bọ̀ pẹ̀lú ìwé tuntun. Ó ní kí n tètè dé kí oòrùn tó mú, nítorí pé apá ibi tí a kò tíì dé ni igi pọ̀ sí jù.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ bàọ́lọ́jì kan tí ó ti fẹ̀yìn tì